Ẹni Tó Ń Dáhùn Nínú Àwo Tarpley

Ọkùnrin tó fẹ́ẹ̀ ba ìgbéyàwó mi jẹ́ ti kú kí wọ́n tó bí ìyá mi. Amos Tarpley ni orúkọ rẹ̀. Píánò ló ń tẹ̀, orin blues ló ń kọ, ìyẹn orin ẹ̀dùn ọkàn tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń tú tinú wọn síta. Ibùdó àwọn agégẹdú ló ti kọ́ píánò, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà. Kò sí ìlú tó gbà á ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bó bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kan, òmíràn ló ń wò. Àwo orin méje péré ló ṣe kó tó kú sí ilé àlejò kan ní Memphis lọ́dún 1941. Mo mọ gbogbo wọn lórí, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ràn wọn.

Fèyísọ́lá ni orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, Carrollton lẹ́bàá Dallas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni èmi àti Mọ́mì ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo pàdé Ọlákúnlé. Ọjọ́ orí yẹn gan-an ni àwọn ìyá ìjọ máa ń fi orúkọ èèyàn sínú àdúrà láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n.

Àǹtí Túnbọ̀sún tó ń gbé ní Sachse ló ṣe alárinà wa, bí ohun tó ṣe bá ṣeé pè ní alárinà. Máíkì pásítọ̀ ló ń hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, wọ́n sì ní kí ọmọkùnrin kan wá tún un ṣe. Lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí fà mí lọ́wọ́ lọ síbi tí ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sí lábẹ́ tábìlì.

"Brother Ọlákúnlé, ẹ yọjú síta kẹ́ ẹ kí èèyàn. This is Sister Fèyí. Nọ́ọ̀sì ni. Kò tíì lọ́kọ."

Mo bẹ ilẹ̀ pé kó lanu. Ọkùnrin náà yọrí síta, eruku wà ní góńgó imú rẹ̀.

"Èmi náà ò tíì láya," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di wáyà yìí mú ná."

Mo bá a di wáyà mú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Coppell láàárín ọ̀sẹ̀. Àmọ́ tó bá di Sátidé, àwo orin àtijọ́ ló kù tó mọ̀. Á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, á wá abẹ́rẹ́ tó bá ojú ìlà wọn mu, á sì gba ohùn wọn sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlòmíràn a máa nu gbogbo ariwo tó wà lẹ́yìn orin kúrò. Òun kì í nu ún.

"Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ orin náà," ló sọ fún mi. "Èmi fẹ́ gbọ́ iyàrá yẹn. I want the room. Tí olórin bá ti dákẹ́ tí àwo ò tíì tán, ibẹ̀ ni mo máa ń tẹ́tí sí jù."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní fi bò. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí mo fi máa sọ ọ́ tán, tí á tún dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó ku nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọkùnrin tó gbọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹta tí a ti ń bára wa bọ̀, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Miss Bridget ní gúúsù Dallas. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni màmá náà, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Tarpley bí. Odessa ni ìyá tó bí i. Tarpley ṣèlérí fún Odessa pé òun ń bọ̀ wá gbé e níyàwó, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́dún 1938, kò sì padà mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí Miss Bridget. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún òun rí láyé yìí. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ọlákúnlé gbé àpótí fìlà kan wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́fà nínú àwo méje náà ló wà níbẹ̀.

Ọlákúnlé gbé àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ. Ohùn Tarpley dùn, ó sì rẹ̀, ohùn ẹni tó ti rìn jìnnà. Nígbà tó kọrin tán, abẹ́rẹ́ ṣì ń yí. A gbọ́ tí àga dún kẹ̀ẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe orin mọ́: "Dessa, ṣé o wà nílé?" Ohùn obìnrin kan sì dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, ó mọ́ kedere: "Mo wà níbí."

"San Antonio ni wọ́n ti gba èyí," ni Ọlákúnlé wí. Ó gbé òmíràn sí i. "Chicago lèyí." Bákan náà ló rí. Àga dún, ọkùnrin pè, obìnrin jẹ́.

"Ta ni obìnrin náà?" ni mo béèrè.

"Màmá mi ni," ni Miss Bridget wí. "Màmá mi ò sì kúrò ní Dallas rí títí tó fi kú."

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìyá òun á máa fọ abọ́ lọ́wọ́, á dédé nàró, á sọ fún ògiri pé, "Mo wà níbí." Tí òun bá bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀, á ní, "Bàbá rẹ ló ń béèrè mi." Kódà ìgbà tí ìròyìn ikú Tarpley dé, kò jáwọ́. Á gbé àwo sórí ẹ̀rọ, á sì dáhùn. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Kó tó pé àádọ́ta ọdún, tó bá ya ẹnu, èémí lásán ló ń jáde. Dókítà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò rí nǹkan kan.

"Inú àwo wọ̀nyí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ," ni màmá náà wí. "Àràárọ̀ ni mo máa ń kí i."

Ọlákúnlé gbé ìkẹfà sí i. Orin parí, àga dún. "Ṣé o wà nílé?" ni Tarpley béèrè. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Iyàrá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ lójú mi, ojú sì ń tì mí bí ìgbà tí àgbàlagbà bá kíni tí a ò dá a lóhùn.

"Mo wà níbí, sà," ni mo fi Yorùbá wí.

Ẹnu mi ló yá. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn, àgbà kì í pe ọmọ kí ọmọ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ló kọ́ wa pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Èyí tó yẹ kí n rántí ni mo gbàgbé. Abẹ́rẹ́ yí títí dé ìparí àwo, obìnrin náà kò dáhùn rárá.

Miss Bridget di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Màmá mi máa ń dáhùn níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Àárọ̀ yìí ló dáhùn kẹ́yìn. Ọmọ mi, kí ló dé tí o dá a lóhùn?"

Mo wo Ọlákúnlé, kò tilẹ̀ gbọ́ wa. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ó ku ọ̀kan," ló ń sọ. "Ìkeje ló kù. Bàbá kan ní i ní Memphis."

Ní ọjọ́ tó wá kí Mọ́mì, Àǹtí Túnbọ̀sún ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọlákúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Inú Mọ́mì dùn, mo mọ̀ nítorí pé ife tí kì í gbé jáde fún àlejò ló fi gbé omi fún un. Ohùn Mọ́mì lọ sílẹ̀ gan-an, ó há bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"IT ni mà, ní Coppell."

"Tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé ńkọ́? Kí lo máa ń ṣe?"

Ọmọ ọlọ́mọ ò mọ irọ́ pa. Ó ròyìn Tarpley fún un, àwo méje àti ọkọ̀ ojú irin. Àǹtí Túnbọ̀sún ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò gbà. Mọ́mì gbé ife tó mú dání kalẹ̀.

"Olórin tó ń rìn kiri," ló wí.

"Ó ti kú, mà."

"Mo gbọ́. Irú wọn kì í kú tán."

Nígbà tó lọ tán, Mọ́mì ní òun ò lè fi ọmọ òun fún un. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀. Súnkànmí, bàbá mi, ló ń tẹ píánò fún ẹgbẹ́ olórin kan n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní London. Àwọn yòókù padà, òun kò padà. N kò gbọ́ ju ìyẹn lọ lẹ́nu Mọ́mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìka ò dọ́gba," ni Àǹtí Túnbọ̀sún ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ lórí fóònù. "Ẹ má fi ti Bàbá Fèyí ṣe gbogbo ọkùnrin."

Nígbẹ̀yìn, Mọ́mì gbà, àmọ́ kò gbà tọkàntọkàn. "Kó kó àwọn òbí rẹ̀ wá ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wà níbí lọ́jọ́ náà, màá gbọ́ tẹnu wọn. Bí kò bá sí níbí, ó tán nìyẹn."

Ní àárín oṣù kẹjọ, Ọlákúnlé gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó wa mọ́tò lọ sí Memphis. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí ní ọ̀sán. "Fèyí, ṣé o wà nílé?"

"Mo wà níbí."

"Bàbá yìí ò jẹ́ kí n gbé àwo náà jáde. Ilé rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ku díẹ̀ kí n rí abẹ́rẹ́ tó bá a mu. Ọ̀la ni mò ń bọ̀."

Bó ṣe ń pè lójoojúmọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń ṣí i. Mo lè wà lẹ́nu iṣẹ́, mo lè máa ra gas sínú mọ́tò lọ́wọ́, "Ṣé o wà nílé?" ni, èmi náà á sì ní, "Mo wà níbí." Ọ̀la ni yóò máa bọ̀. Ọ̀la dé, ó di ọ̀tunla. Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá obìnrin ló rí níbẹ̀. Ká ní obìnrin ni, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tí mo bá ń fa iṣẹ́ lé ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, á fi etí súnmọ́ mi, á ní kí n tún un sọ. Aláìsàn kan bi mí bóyá mo ń sunkún. Dókítà tan iná sí ọ̀nà ọ̀fun mi, ó ní ó mọ́ tónítóní. Mo rántí Odessa, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mo jókòó sínú mọ́tò mi fún wákàtí kan kí n tó lè wà á.

Sátidé àkọ́kọ́ dé. Àwọn òbí Ọlákúnlé wá láti Houston, wọ́n jókòó, a jọ ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò wá. Bàbá rẹ̀ kò lè gbé ojú sókè. Àǹtí Túnbọ̀sún kúnlẹ̀ bẹ Mọ́mì, Mọ́mì sì fún Ọlákúnlé di Sátidé kẹta láti yọjú, kí àwọn òbí rẹ̀ tó tún wá.

"Ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò ní í di ẹ̀ẹ̀kẹta," ló wí.

Ní ọjọ́ Wẹsidé tó ṣáájú Sátidé kẹta náà, èmi àti Mọ́mì wà ní kíṣìnnì, ó ń rẹ́ ilá. Fóònù mi dún. Ọlákúnlé ló fi orin àwo keje ránṣẹ́: "Mo ti gbà á tán. Gbọ́ ọ, Fèyí. It's beautiful." Mo tẹ̀ ẹ́. Tarpley kọrin, ó tẹ píánò títí, ó dákẹ́. Àga dún.

"Ṣé o wà nílé?"

"Mo wà níbí," ni obìnrin kan dáhùn.

Yorùbá ló fi dáhùn, nínú àwo tí wọ́n ṣe lọ́dún 1938. Ohùn mi ni. Ohùn mi tó ti lọ ni, ó kún, ó sì jí pépé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọ iyàrá rẹ̀ lọ, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan jáde, irú èyí tí mo rò pé a ti kó dànù nígbà tí à ń kúrò n'Íbàdàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ olórin ń ṣeré, ẹnìkan ń tẹ píánò láàárín wọn. Nígbà tí orin rọlẹ̀, ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ nítòsí máíkì.

"Ìyá Fèyí, ṣé o wà nílé?"

"Mo wà níbí, olówó orí mi."

Ọmọge ló dáhùn, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

"Mọ́mì, ta nìyẹn?"

"Èmi ni," ni ìyá mi wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há. "N kò dé London rí."

Ó jókòó. Ó ní òun á máa wẹ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé nílé wa ní Mọ́kọ́lá, òun á gbọ́ tí bàbá mi pè, òun á sì jẹ́. Òun rò pé ìfẹ́ ni. Lẹ́yìn ọdún kan ni ẹnìkan mú kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ láti London, òun sì gbọ́ ara òun nínú rẹ̀.

"Ẹ ò wá dákẹ́?"

"Mo dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé tí n kò bá dá a lóhùn, á rò pé kò sẹ́ni nílé mọ́." Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lára. "Gbogbo Sunday tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo ṣì ń dá a lóhùn. Fèyísọ́lá, gbọ́ mi. Ọkùnrin tó ń pè, tí à ń jẹ́, kí ló fẹ́ wá wá sílé? Lójú ara rẹ̀, ó ti dé. Má jẹ́ mọ́. Títí ojú rẹ yóò fi rí i, má jẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ọlákúnlé pè lọ́sàn-án. "Fèyí, ṣé o wà nílé?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ ó mọ ohun tó ná mi.

"Fèyí? Can you hear me? Mo ń gbọ́ èémí rẹ."

N kò dáhùn. Ó tún pè mí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, ó dà bí ti ọmọ tó jí tí kò rí ẹnìkan nínú ilé. "Fèyí, kí ni òní? What's today's date?" Lẹ́yìn náà, fóònù gé. Kò pè mọ́ lọ́jọ́ náà. Kò pè ní ọjọ́ Ẹtì. Mo rò pé mo ti fi ọwọ́ ara mi pa iná ilé mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é ní ìgbà mẹ́wàá. Mọ́mì gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó fi sí àpò ara rẹ̀.

Sátidé kẹta dé. Agogo méjìlá ku díẹ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Fèyí, ṣé o wà nílé?"

Bí Tarpley ṣe ń fà á nínú àwo gẹ́lẹ́ ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mọ́mì gbá ọwọ́ mi mú.

"Rí i ná," ló wí.

Mo ṣílẹ̀kùn láìsọ̀rọ̀. Ọlákúnlé ló dúró síbẹ̀. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó gbóná, ojú èèyàn ni.

"Mo rí ẹ," ni mo wí. Ohùn mi há díẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi ni.

Ó bú sẹ́kún. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo rò pé mo lò. Ìgbà tó ò dáhùn ni mo gbójú sókè. Oúnjẹ tí mo rà lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ti hu irun. Bàbá náà jókòó síwájú mi, òun náà ò mọ ọjọ́. Mo fi àwo náà sílẹ̀ fún un, Fèyí. N kò mú nǹkan kan bọ̀."

Ó rí Mọ́mì lẹ́yìn mi, ó dọ̀bálẹ̀ sójú ọ̀nà. "Ẹ má bínú, mà. Mo ti dé."

Mọ́mì fi ọwọ́ tọ́ka sí àga fún wa, ó wọlé, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì náà wá sórí tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Orin rọlẹ̀.

"Ìyá Fèyí, ṣé o wà nílé?"

Mọ́mì ya ẹnu. Mo rí i tí ọ̀fun rẹ̀ gbéra. Ó pa ẹnu náà dé, ó di etí tábìlì mú. Téèpù ń yí, kò sí ọmọge tó dáhùn nínú rẹ̀.

"Ìyá Fèyí?" ni bàbá mi tún pè. Kò pè lẹ́ẹ̀kejì rí nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Omi ń dà lójú ìyá mi, kò nù ún. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí téèpù fi tán tí bọ́tìnì rẹ̀ fi ta sókè.

Ó fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ojú, ó kọjú sí Ọlákúnlé.

"Àwọn òbí rẹ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Ohùn tó fi bi í, inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo ti gbọ́ ọ rí.